Apá Mẹ́ta Tí Ọdẹ́yalé Gbẹ́ Fún Awẹ́ró

Ẹ fa àpótí yín sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tí ó bá ní ọbẹ̀ lórí iná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó jókòó, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dúró de ẹni tí ń lọ ro ọbẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi ọwọ́ òsì yìnbọn pa ẹfọ̀n nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún ń dùn mí. Mo ti bá iwin jà létí odò títí ó fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ fún ọmọ òun lọ́mú. Ṣùgbọ́n ìtàn ti òní kì í ṣe tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi nínú iṣẹ́ ọdẹ ni, Ọdẹ́yalé ará Òkè Àfọ́n, ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ó rin ìrìn tí èmi kò lè rìn, kì í sì í ṣe nítorí ẹran, kì í ṣe nítorí orúkọ. Nítorí èémí obìnrin kan ni.

Obìnrin náà ni Awẹ́ró, aya rẹ̀, tí ń ran òwú. Ọdún mọ́kànlá ni àyà ti ń há Awẹ́ró. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ọyẹ́ bá gbé eruku rẹ̀ dé, èémí rẹ̀ a tín-ínrín bí òwú tí ó ń ràn, Ọdẹ́yalé a sì jókòó tì í, a máa ka èémí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń kà á láàárọ̀, ó ń kà á lọ́sàn-án, bí ó bá sì ti oko dé, kí ó tó bọ́ àpò ọdẹ sílẹ̀, yóò ti kà á dé ogún. Ó sọ fún mi rí pé ẹ̀rù ń ba òun pé èyí tí òun kò bá kà ni yóò jẹ́ ìkẹyìn.

Dókítà kan fún wọn ní ẹ̀rọ kékeré kan. Bí a bá da oògùn sínú rẹ̀, a sọ oògùn náà di ìkùukùu, Awẹ́ró a fà á símú, àyà rẹ̀ a sì là. Àmọ́ iná ni ẹ̀rọ náà ń lò, iná kò sì dé Òkè Àfọ́n rí. Bátìrì tí wọ́n ń rù sọ̀ kalẹ̀ lọ sílùú lọ gba agbára kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí yóò fi kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ìbírónkẹ́, tí ó lọ́kọ sílùú, fi wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó ní bí ọyẹ́ bá dé tí kò tíì sí iná lórí òkè, òun yóò wá mú ìyá òun lọ, ìyá òun kò sì ní padà wá mọ́. Ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kí ó máa bá àwọn bọ̀. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́yalé mọ ara rẹ̀. Ìgbà kan tí ó sùn sílùú fún ọjọ́ márùn-ún, ńṣe ni ó gbẹ bí ewé tí a já. Kò lè gbé ìlú, kò sì lè gbé orí òkè láìsí Awẹ́ró. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni wọ́n ti jọ ń jí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, Súfíánù, tí ń ṣe iṣẹ́ rẹ́wáyà. Súfíánù fún un ní dínámò ńlá kan tí ó tú lára òkú ọkọ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ orí òkè wọn tó iná í ṣe. Kí Ọdẹ́yalé fi igi gbẹ́ apá mẹ́ta, kí ó dè wọ́n mọ́ orí dínámò náà, kí ó gbé e ka orí ọ̀pá gíga, atẹ́gùn yóò máa yí i, ìyípo náà yóò sì máa bu agbára sínú bátìrì. Ọdẹ́yalé gbẹ́ ti ìrókò, ó wúwo, atẹ́gùn tì í tì í, kò mì. Ó gbẹ́ ti àràbà, ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní ni ó kán. Igi ahùn ni ó kù, èyí tí àwọn agbẹ́gilére fẹ́ràn nítorí pé ó rọ̀ lọ́wọ́ tí kì í sì í là, ti Òkè Àfọ́n sì ti tán pátápátá. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀kan kù nínú Igbó Amíkanlẹ̀, níbi tí àwọn iwin ń gbé.

Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó gbé ààké. Nígbà tí ó fẹ́ dìde, Awẹ́ró na ìdì òwú kan sí i, èyí tí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ràn nígbà tí kò lè jókòó.

"Ẹ mú un dání, Bàbá Ìbírónkẹ́," ó ní. "Bí ọ̀nà bá dàrú mọ́ yín lójú, ẹ ó rántí ẹni tí ó ràn án."

Bí ó ti ṣe dé ẹnubodè igbó náà, ẹ má bi mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ bi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iwin kan ń ṣọ́ ẹnubodè, Olójúlẹ́yìn ni orúkọ rẹ̀, nítorí pé ìpàkọ́ ni ojú rẹ̀ wà. Bí ó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, a dà bí ẹni tí ń lọ, bí ó bá sì ń lọ, ìgbà náà ni yóò máa wò ọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí Ọdẹ́yalé kí ó lè rí i dáadáa, ó ní òun yóò bi í ní ìbéèrè kan, bí kò bá mọ̀ ọ́n, òun yóò yí ojú tirẹ̀ náà sẹ́yìn, àwọn yóò sì jọ máa ṣọ́ ẹnubodè.

"Kí ni ohun tí ìwọ̀fà ní tó ti ọba, tí ọba kò sì lè fi pa mọ́ títí yóò fi jẹ àkàrà kan tán?"

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, mo rí i tí ẹ ń họ orí. Ọdẹ́yalé kò họ orí. Ó ní, "Èémí ni. Kí n tó wọ bàtà mi méjèèjì tán, aya mi á ti mí ogójì. Ó yẹ kó jẹ́ mẹ́wàá."

Olójúlẹ́yìn fi ẹ̀yìn rìn sún mọ́ ọn. Ó béèrè bí ó ti ṣe mọ iye rẹ̀, Ọdẹ́yalé sì sọ fún un. Ìgbà náà ni iwin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Omijé rẹ̀ ń ṣàn lọ sí gbàgede ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì rí bí yóò ti nù ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ọdẹ́yalé ni ó fi etí ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ bá a nù ún. Iwin náà ní òun ti ní aya rí, òun kò ka ohunkóhun. Ó ṣí ẹnubodè fún un, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó bọ́ sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ewé-Kò-Mì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, atẹ́gùn kò fẹ́ níbẹ̀ rí. Èéfín ìdáná wọn a dúró sójú kan bí òpó. Nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n lè fi fẹ́ ẹ̀wà, tìyàngbò-tìyàngbò ni wọ́n ń sè é tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́, ikọ́ kò sì tán lọ́fun ọba wọn. Wọ́n fún Ọdẹ́yalé ní iṣu gbígbóná. Ó bu ú, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ kí ó lè tutù. Áà, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọdé kan rí i tí ooru iṣu náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó figbe ta, gbogbo ìlú sì dà bò ó. Ọba ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún àlejò tí ó gbé atẹ́gùn sẹ́nu. Wọ́n da ẹ̀wà gbogbo ìlú jọ síwájú rẹ̀, ó ga tó àjà, wọ́n ní kò ní jáde níbẹ̀ títí yóò fi fẹ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Ọdẹ́yalé fẹ́ ẹ ní ọjọ́ kìíní, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ ẹ ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rín tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó ṣí ẹnu láti fa èémí, èémí kò wá. Àyà rẹ̀ dí pa. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan jókòó lé e láyà, tí ẹni náà kò sì fẹ́ dìde. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó fi èékánná walẹ̀. Nígbà tí díẹ̀ padà wọlé fún un, kò fẹ́ ẹ̀wà mọ́. Ẹkún ni ó ń sun.

"Kíkà ni mo ń kà á," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá, kíkà ni mo ń kà á. N kò mọ̀ pé báyìí ni ó rí."

Ìyá arúgbó kan tí wọ́n fẹ́ wá sí ìlú náà láti ìlú mìíràn gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ó mú atẹ kan wá tí ó ti fi pa mọ́ láti ìgbà ọmọge, ó jókòó tì í. Ó ní ọmọge ni òun nígbà tí òun ti rí atẹ́gùn kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò tíì gbàgbé. Atẹ tí a bá tẹ́ sílẹ̀ pẹlẹbẹ kò ní bá atẹ́gùn sọ nǹkan kan. Èyí tí a bá nà ró gbọọrọ, atẹ́gùn yóò gbà á dànù. Àfi èyí tí a bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ó tún fà á létí pé bí ohun náà bá gùn, kí ó fì púpọ̀ níbi tí ó sún mọ́ ọwọ́, kí ó máa rọra dín in kù títí dé ṣóńṣó, nítorí pé ṣóńṣó ni ó ń sáré jù. Ọdẹ́yalé gé òpó kan, ó so imọ̀ ọ̀pẹ mẹ́rin mọ́ ọn lórí bí ìyá náà ti wí, ó fi ọwọ́ yí i. Atẹ́gùn jáde. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀wà gbogbo ìlú ti mọ́, ọba sì jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò fi ikọ́ sìn. Wọ́n ní kí ó wá jẹ baálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Èmi ì bá jẹ ẹ́, kí n má parọ́. Ọdẹ́yalé ní ẹnìkan ń dúró de òun.

Igi ahùn náà wà ní àárín gbùngbùn igbó. Ẹ̀ka mẹ́ta péré ni ó ní. Ọdẹ́yalé kò gbé ààké sókè. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Igi náà mí kanlẹ̀, ó sì fọhùn bí abiyamọ tí ó ti rẹ̀.

"Ọmọ mi ni àwọn mẹ́ta yìí. Àkọ́bí nìyí, èkejì nìyí, àbígbẹ̀yìn nìyí. Máa mú wọn lọ. Ṣùgbọ́n má ṣe yan ọ̀kan jẹ nínú wọn. Ọjọ́ tí o bá yan ọ̀kan jẹ, wọn kò ní bá ọ ṣiṣẹ́."

Ọdẹ́yalé búra, ó sì gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi òwú Awẹ́ró sàmì sí wọn kí ó má baà ṣì wọ́n mú: kókó mẹ́ta lára àkọ́bí, méjì lára èkejì, ọ̀kan lára àbígbẹ̀yìn.

Nígbà tí ó délé, mo wà níbẹ̀, ojú mi ni ó ṣe. Ó fi ààké bọ́ wọn, ó fi ìfági fá wọn. Ó jẹ́ kí ojú kan tẹ́jú, ó jẹ́ kí èkejì yọ ikùn díẹ̀. Etí tí yóò kọ́kọ́ gé atẹ́gùn, ó fi í sílẹ̀ ní kíki, ó sì fá etí ẹ̀yìn títí ó fi tín-ínrín bí etí igbá. Ó fì wọ́n níbi ìdí, ó dín in kù títí dé ṣóńṣó, bí ìyá arúgbó ti kọ́ ọ. Ó fi ewé ìpìn ha wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ó fi àdí pa wọ́n lára kí òjò má baà jẹ wọ́n. Kò sí ohun tí kò ṣe tán. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù, ìyẹn ni ìwọ̀n tí yóò fún oníkálukú.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí a ti ṣì í. Igi ní kí ó má yan ọ̀kan jẹ. Ta ni nínú yín tí yóò pín ẹran ọdún, tí yóò fún àkọ́bí àti àbígbẹ̀yìn ní ẹyọ kan náà, tí àwọn ẹbí kò ní sọ pé ó yan àgbà jẹ? Ọdẹ́yalé jẹ́ àkọ́bí nílé bàbá rẹ̀, èmi náà sì jẹ́ àkọ́bí. A jọ jókòó, a fi orí korí, a fún àkọ́bí ní àlékún àtẹ́lẹwọ́ kan ní gígùn, a sì jẹ́ kí ó sanra díẹ̀. Èkejì tẹ̀ lé e. Àbígbẹ̀yìn gba èyí tí ó tọ́ sí ọmọ kékeré. Súfíánù ti rìnrìn àjò, ì bá kìlọ̀ fún wa. Mo tilẹ̀ yin Ọdẹ́yalé pé ó mọ ilé tò.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbé e gòkè ni ọyẹ́ dé. A jí, a ò rí òkè kejì mọ́ nínú eruku. Ìbírónkẹ́ sì dé pẹ̀lú ọkọ̀ ọkọ rẹ̀, bí ó ti wí. Ó kí bàbá rẹ̀, ó jókòó sójú àtẹ̀gùn. Mo di àkàbà mú, Ọdẹ́yalé gùn ún lọ sórí, ó fi bóòtù mẹ́fà de apá mẹ́ta náà mọ́ orí dínámò, ó sì tú okùn tí a fi dá a dúró.

Ó yí. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn wa sì fò sókè. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọ̀pá ń jó, ilẹ̀ ń mì, mo sì di àkàbà mú pẹ̀lú adúrà. Ọdẹ́yalé sọ̀ kalẹ̀ wàrà, kò tíì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa tí bóòtù méjì fò yọ, apá àkọ́bí já, ó sì lọ balẹ̀ sí àárín ebè ata Awẹ́ró. Ìbírónkẹ́ dìde. Ó wọlé, a sì gbọ́ bí ó ti ń ká aṣọ ìyá rẹ̀ sínú àpò.

Ọdẹ́yalé jókòó sí ìdí ọ̀pá. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó ní òun ti yàn wọ́n jẹ, ṣùgbọ́n òun kò mọ ọ̀nà tí òun gbà yàn wọ́n jẹ. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ akin fún un, ṣùgbọ́n ńṣe ni mo ń ṣa bóòtù nínú eruku. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìwà mi.

Ìgbà náà ni Awẹ́ró jáde. Ó di ara ògiri mú, ó ń fa èémí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìrànwú rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, igi tín-ínrín tí amọ̀ róbótó wà ní ìdí rẹ̀. Ó rọra jókòó ti ọkọ rẹ̀. Ó ta ìrànwú náà, ó yí geere lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka lẹ ẹrẹ̀ bíńtín mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan amọ̀ náà, ó tún ta á. Ó gbọ̀n, ó jó, ó ṣubú.

"Ẹ rí i," ó ní, ó sinmi, ó tún mí. "Báyìí ni ó ṣe máa ń já òwú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọdẹ́yalé wò ó. Ó ní, "Àkọ́bí ni, Awẹ́ró. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú ọ̀bẹ, kí n gé àgbà kù?"

"Bàbá Ìbírónkẹ́, níbi ohun tó ń yí po, ta ni ẹ̀gbọ́n? Èyí tó wà lókè nísinsìnyí, kò ní pẹ́ tí yóò fi wà nísàlẹ̀. Ẹ fún un ní ẹrù tó ju ti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ, ẹ wá ń pè é ní ọlá. Òun gan-an ni ẹ yàn jẹ."

Ọkùnrin rí ejò, obìnrin pa á, kí ejò ṣáà má ti lọ. A tú apá méjì tí ó kù sọ̀ kalẹ̀, mo sì lọ sínú ebè ata, mo gbé apá àkọ́bí wá. Kò là, kò ya. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ó kán, ibi tí ó ti kán gan-an ni ibi tí àlékún wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀ fún un kí ó tó mú ìfági. Awẹ́ró tú òwú tí ó bá a lọ sí Igbó Amíkanlẹ̀, ó já a sí méjì, ó fi so apá méjì méjì rọ̀ sí etí méjèèjì igi kan tí a fi okùn gbé láàárín. Bí igi bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, Awẹ́ró a nà án ní ìka, Ọdẹ́yalé a fá díẹ̀, a tún so ó. Ọwọ́ ọkọ ń fá, ojú aya ń wọ̀n. Ìbírónkẹ́ ti jáde síta pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Kò gbé àpò náà sínú ọkọ̀. Nígbà tí ó yá, igi náà dúró láàárín, kò fì síhìn-ín, kò fì sọ́hùn-ún, èyíkéyìí tí a bá gbé kọ́ ọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

A tún gun òkè. Ọyẹ́ kan náà tí ó wá há Awẹ́ró láyà ni ó gbá apá mẹ́ta náà mú. Wọ́n yí. A dúró kí ó gbọ̀n, kò gbọ̀n. Ohùn kan ni ó ń jáde lára rẹ̀, ohùn kékeré bí ti ẹni tí ń tu ọmọ nínú. Nígbà tí ọ̀sán yóò fi pọ́n, bátìrì ti mu yó tó láti gbé ẹ̀rọ oògùn. Ìbírónkẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó da oògùn sínú rẹ̀, tí ó sì fi í bo imú ìyá rẹ̀. Ìkùukùu náà wọlé. Mo rí èjìká Awẹ́ró bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹrù tí a rọra ń sọ̀.

Ìbírónkẹ́ jókòó, ó ṣí àpò, ó ń yọ aṣọ ìyá rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn kọ́ sára okùn. Ọdẹ́yalé jókòó ti aya rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà bí ó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Kò dé ẹ̀rin. Oorun gbé e lọ, orí rẹ̀ sì rọra balẹ̀ sí èjìká Awẹ́ró. Mo fẹ́ jí i kí a lọ gbé àkàbà wọlé, ṣùgbọ́n Awẹ́ró fi ọwọ́ dá mi lẹ́kun. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọkọ rẹ̀ láyà. Mo wo ètè rẹ̀ bí ó ti ń mì díẹ̀díẹ̀, mo wá rí i pé òun náà ń kà.

Ohun tí mo rí nìyẹn, ohun tí mo sì gbé wá fún yín nìyẹn. Bí ẹ bá rò pé mo bu iyọ̀ sí i jù, ẹ gun Òkè Àfọ́n lọ, ẹ dúró sí ìdí ọ̀pá náà, kí ẹ bi àwọn apá mẹ́ta náà léèrè èwo ni àkọ́bí nínú wọn. Wọn kò ní dá yín lóhùn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́.